Ọjọ́ Tí Jẹ́jẹ́ Gbé Ìyá Rẹ̀ Gòkè

Jẹ́jẹ́ kọ́ lorúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ ni wọ́n fún un lórúkọ yẹn, torí pé láti ọdún mẹ́rìnlá tó ti ń fi bọ́ọ̀sì gbé àwọn tó wá wo ìran lọ sórí òkè, kò sí èrò kan tó bì sínú ọkọ̀ rẹ̀ rí. Kọ́nà méjìlélógún ló wà lójú ọ̀nà náà, òkúta funfun tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tó o bá gbé ife tíì dání nínú ọkọ̀ Jẹ́jẹ́ láti kọ́nà kìíní dé ìkejìlélógún, kò ní dà sí ẹ lára. Ẹni tó bá rò pé irọ́ ni mò ń pa, kó lọ béèrè.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò béèrè rí ni ìyá tó bí i. Ọdún mẹ́rìnlá gbáko! Màmá ò jókòó nínú ọkọ̀ tí Jẹ́jẹ́ ń wà rí, kò sì dé ilé rẹ̀ rí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n Jẹ́jẹ́ ló ń gbé, nílùú mìíràn tó tó ìrìn wákàtí mẹ́fà. Ẹ̀gbọ́n yẹn ni Ẹnjiníà. Bí gbogbo ayé ṣe ń pè é nìyẹn, ìyá rẹ̀ náà ò pè é ní nǹkan mìíràn. Nígbà tí Jẹ́jẹ́ fi ilé ìwé sílẹ̀ tó lọ kọ́ ọkọ̀ wíwà, ohun tí Màmá sọ ni pé, "Ṣé sítíárìn lo wá fẹ́ máa yí títí tó o máa fi kú?" Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti béèrè ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Jẹ́jẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i lẹ́ẹ̀kan, ó wọ aṣọ iṣẹ́ tuntun, ó dúró ti bọ́ọ̀sì, ó ń rẹ́rìn-ín. Èsì tí Màmá fún un ni pé, "Aṣọ náà dáa. Ṣé wọ́n yá ẹ ni?"

Ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ọ.

Nítorí náà, nígbà tí Ẹnjiníà pè pé òun gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, pé òun, ìyàwó òun, ọmọ àwọn àti Màmá ń bọ̀ wá wo òkè tí gbogbo èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ohun kan ṣoṣo ni Jẹ́jẹ́ gbọ́ nínú gbogbo rẹ̀: Màmá ń bọ̀. Ó pinnu pé òun máa gbé ìyá òun jókòó síwájú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun, láti kọ́nà kìíní títí dé òkè pátápátá, kó fi ojú ara rẹ̀ rí ohun tí ọmọ rẹ̀ ń ṣe láyé. Ohun tó fẹ́ nìyẹn. Kò fẹ́ nǹkan mìíràn.

Ọjọ́bọ̀ ni àlejò dé, ẹrù wọn pọ̀ débi pé ilẹ̀kùn ò ṣe é tì. Ilé Jẹ́jẹ́ ò ju yàrá méjì àti pálọ̀ lọ. Ẹnjiníà àti ìyàwó rẹ̀ gba yàrá tí Jẹ́jẹ́ àti aya rẹ̀ ń sùn, Màmá àti ọmọ wọn obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́wàá, gba èkejì, àwọn onílé wá ń sùn lórí ẹní ní pálọ̀, láàárín bàtà àlejò. Ìyẹn ò burú, àlejò ni wọ́n. Ṣùgbọ́n kí àlejò jí lọ́jọ́ kejì, kó ní omi ilé ìwẹ̀ ò gbóná tó, kó ní bẹ́ẹ̀dì le, kó ní àdúgbò ń pariwo, kó wá ṣí fíríìjì kó dúró síwájú rẹ̀ bí wolé-wolé, háà, ìyẹn ti kọjá àlejò. Ìyàwó Ẹnjiníà ló ń ṣe gbogbo èyí. Nọ́ọ̀sì ni aya Jẹ́jẹ́. Obìnrin náà á ti ibi iṣẹ́ dé, ẹsẹ̀ á máa ro ó, á tún máa gbé omi kaná fún ẹni tó jókòó tó ń tẹ fóònù.

"O ò ní sọ̀rọ̀ ni?" ó bi ọkọ rẹ̀ nílé ìdáná.

"Ọjọ́ mẹ́rin péré ni, jàre. Tó bá ti di Sátidé, tí Màmá bá ti jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú bọ́ọ̀sì, gbogbo ẹ̀ ti tán nínú mi."

"Ìwọ àti Màmá yẹn," aya rẹ̀ ní, ó sì gbé kẹ́tù kúrò lórí iná bí ẹni pé kẹ́tù ló ṣẹ̀ ẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Jẹ́jẹ́ fi bẹ ọ̀gá rẹ̀ kó tó yọ̀ǹda bọ́ọ̀sì fún un ní Sátidé, ọjọ́ tí èrò máa ń pọ̀ jù. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ó fọ bọ́ọ̀sì náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́ ha ẹrẹ̀ kúrò lára táyà. Ó tẹ́ aṣọ tuntun sórí ìjókòó iwájú, ó to ìrọ̀rí kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀, torí ó rántí pé ẹ̀yìn máa ń dun Màmá. Ọkùnrin tó ti lé ní ogójì ọdún o! Ó ń to ìrọ̀rí, ó ń súfèé.

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, aya rẹ̀ ti lọ síbi iṣẹ́, Ẹnjiníà jáde tòun ti igi ìtayín lẹ́nu. Ó yí bọ́ọ̀sì náà po lẹ́ẹ̀kan.

"Kí lèyí?"

"Bọ́ọ̀sì tí a máa gbé lọ ni, Bọ̀ọ̀dá."

"Bọ́ọ̀sì èrò? Èmi tí mo gbé jíìpù wá?" Ó rẹ́rìn-ín. "Màmá, ẹ wá wo nǹkan tó fẹ́ fi gbé yín."

Màmá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. Kò sún mọ́ ọkọ̀ náà. Kò rí aṣọ tuntun, kò rí ìrọ̀rí. "Ṣé èmi náà ti di èrò ni?" ó ní. "Jíìpù ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́, tó tutù nínú? Jíìpù la máa gbé."

Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. Jẹ́jẹ́ dúró síbẹ̀ tòun ti àkísà ìnukọ̀ lọ́wọ́, ara rẹ̀ gbóná láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé àtàrí. Ó yẹ kó sọ̀rọ̀. Ká ní èmi ni, màá sọ ọ́ débi tí àdúgbò á fi jáde. Ṣùgbọ́n ó ti mọ́ ọn lára láti kékeré: tí Ẹnjiníà bá ti sọ̀rọ̀, tí Màmá sì gbè é lẹ́yìn, òun á gbé tòun mì. Ó gbé e mì. Ó tilẹ̀ ń bá ara rẹ̀ sọ ọ́ pé ọ̀nà yẹn náà ni, kọ́nà yẹn náà ni, jíìpù náà ọkọ̀ ni.

"Ẹ jẹ́ kí n wà á, Bọ̀ọ̀dá," ó ní. "Ẹ ò mọ ọ̀nà òkè."

Ẹnjiníà ju kọ́kọ́rọ́ sí i, kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀.

"Màmá, ẹ wá jókòó síwájú, kẹ́ ẹ lè rí gbogbo nǹkan."

"Iwájú kẹ̀? Ẹ̀gbọ́n ẹ ni kó jókòó síwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn." Màmá wọ ẹ̀yìn lọ, ó jókòó sáàárín ìyàwó Ẹnjiníà àti ọmọ.

Jẹ́jẹ́ wa ọkọ̀ náà bí kò ṣe wakọ̀ rí. Kọ́nà kẹta tó há, ó gbà á láìfi nǹkan kan mi. Kọ́nà kẹsàn-án, níbi tí ọ̀gbun ti la ẹnu kalẹ̀ lápá kan, ó fara mọ́ ògiri òkúta kí àyà Màmá má bàa já. Ní ìkẹrìnlá, kùrukùru ká kúrò, adágún tó wà nísàlẹ̀ yọ, oòrùn ń tàn lórí rẹ̀, òrùlé àwọn ilé ìlú kéré bí ìṣáná. Jẹ́jẹ́ gbójú sókè wo dígí láti wo ojú ìyá rẹ̀. Ìborùn ló rí. Láti kọ́nà kìíní ni Màmá ti fi ìborùn bojú, ó ń gbàdúrà lábẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ ṣíjú wo adágún."

"Má bá mi sọ̀rọ̀, òòyì ń kọ́ mi."

Ìgbà tí ọkọ̀ dúró lórí òkè tí ẹ́ńjìnnì kú ló tó ṣíjú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. "Àbí a ti dé ni? N ò tiẹ̀ mọ̀ pé à ń gun nǹkan kan."

Ọkàn Jẹ́jẹ́ fò sókè. Ó yíjú sẹ́yìn, ẹ̀rín ti wà lẹ́nu rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó dúpẹ́. Màmá ti na ọwọ́ kọjá Jẹ́jẹ́, èjìká Ẹnjiníà ló ń fọwọ́ gbá. "Ọkọ̀ ẹ yìí mà dáa o! Kì í gbo èèyàn rárá."

Ọkọ̀! Ọkọ̀ ló dáa! Ta ló ń yí sítíárìn? Ṣé ọkọ̀ náà ń dá ara rẹ̀ wà ni? Ẹ wò ó, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Afẹ́fẹ́ tútù lórí òkè náà, ó mọ́, ó ń fẹ́ aṣọ mọ́ èèyàn lára. Wọ́n fi irin ṣe ọgbà yí etí rẹ̀ ká, àwọn èèyàn fara ti irin náà, wọ́n ń nàka sí adágún. Ìyàwó Ẹnjiníà to ẹbí rẹ̀ jọ: Màmá láàárín, Ẹnjiníà lọ́tùn-ún, òun lósì, ọmọ níwájú. Màmá wá na fóònù sí Jẹ́jẹ́.

"Gbà, bá wa yà á."

Ó yà á. Ó yà á ní ìdúró, ó yà á ní ìjókòó, ó yà á tí Ẹnjiníà di Màmá mọ́ra.

"Dádì kékeré ńkọ́?" ọmọ náà béèrè. "Wọn ò ní bá wa wà nínú fọ́tò ni?"

"Ta ló máa wá yà á?" bàbá rẹ̀ dáhùn. Ogún èèyàn ló dúró yí wọn ká tòun ti fóònù lọ́wọ́. Màmá ń tún ìborùn rẹ̀ so.

Nígbà tí òtútù lé wọn padà sídìí ọkọ̀, Ẹnjiníà na ọwọ́. "Mú kọ́kọ́rọ́ wá. Èmi ni mo máa wà á sọ̀kalẹ̀. Mo ti rí bó o ṣe ṣe é."

"Ẹ má bínú, Bọ̀ọ̀dá. Àtigòkè ò le, àtisọ̀kalẹ̀ ló le. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì láti òkè délẹ̀, á gbóná, á kọṣẹ́. Jíà kékeré la máa ń fi í sí láti orí òkè níbí, kí ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ máa di ọkọ̀ mú. Bíréèkì, ẹ kàn máa ń fẹsẹ̀ kàn án díẹ̀díẹ̀ ni."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ ẹnjiníà ní ẹ́ńjìnnì?"

Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Màmá ò rẹ́rìn-ín, ká ní ó rẹ́rìn-ín ì bá sàn. Ó na àtẹ́lẹwọ́ sí Jẹ́jẹ́ bí ẹni fẹ́ gba ẹran tí ọmọ jí mú. "Gbé e fún un. Ọkọ̀ ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n ẹ sì ni. Kí lo tiẹ̀ ń ṣe báyìí?"

Jẹ́jẹ́ gbé e fún un. Ibi tí èmi ti ń bínú sí Jẹ́jẹ́ fúnra rẹ̀ nìyí. Ó mọ̀! Ó ti rí ọkọ̀ mẹ́ta tó rá mọ́ ọ̀gbun yẹn láti ọdún tó ti wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó gbé e fún un, torí pé ìyá rẹ̀ na ọwọ́.

Ìyàwó Ẹnjiníà bọ́ síwájú. Jẹ́jẹ́ jókòó sáàárín lẹ́yìn, Màmá lọ́tùn-ún rẹ̀, ọmọ lósì. Ní kọ́nà méjì àkọ́kọ́, Ẹnjiníà lo jíà kékeré, ẹ́ńjìnnì sì bẹ̀rẹ̀ sí í han.

"Kí ló ń ké báyìí?" ìyàwó rẹ̀ ní. "Ọkọ̀ tuntun!"

"Àbí ẹ ò rí i? Ó fẹ́ bá mi ba ẹ́ńjìnnì jẹ́ ni." Ẹnjiníà ti jíà padà sí ńlá, ariwo náà dá, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀ lọ.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dá a padà. Kò gbọ́dọ̀ dákẹ́. Tó bá ń ké ló ń ṣiṣẹ́."

"Dákẹ́ ńbẹ̀."

"Jẹ́ kó gbájú mọ́ ọ̀nà," Màmá ní.

Kọ́nà kọjá, òmíràn kọjá, ẹsẹ̀ Ẹnjiníà ò kúrò lórí bíréèkì. Ní ìkẹtàlá, ọmọ fi ọwọ́ di imú.

"Dádì kékeré, kí ló ń rùn?"

Jẹ́jẹ́ ti gbọ́ òórùn náà láti ìkẹẹ̀ẹ́dógún. "Ẹ dúró, Bọ̀ọ̀dá! Bíréèkì ti ń jó! Ẹ pa á sí ẹ̀gbẹ́!"

"Mo ní kó o dákẹ́!"

Ní kọ́nà kẹwàá, ẹsẹ̀ Ẹnjiníà wọlẹ̀ lọ gbì, ọkọ̀ ò mọ̀ pé wọ́n tẹ nǹkan. Ó tún un tẹ̀. "Kò mú," ó ní. Ohùn rẹ̀ ti di ti ọmọdé. "Kò mú mọ́. Yéè! Kò mú mọ́ o!" Kọ́nà kẹsàn-án ń bọ̀ níwájú, òfìfo ló wà lẹ́yìn òkúta funfun rẹ̀.

Jẹ́jẹ́ já ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ bẹ́líìtì, ó rá pálá sáàárín ìjókòó méjèèjì. "Yọwọ́ lórí jíà!" ó ké. "Má tún tẹ nǹkan kan! Fara mọ́ ògiri!" Ó fa jíà wálẹ̀ ní ìpele kan, ẹ́ńjìnnì bú ramúramù, ó tún fà á wálẹ̀. Ọwọ́ òsì rẹ̀ di sítíárìn mú lórí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ọ̀tún ń fa bíréèkì ọwọ́, díẹ̀, ó dẹ̀ ẹ́, díẹ̀, ó dẹ̀ ẹ́. Táyà sunkún. Ògiri òkúta ha dígí ẹ̀gbẹ́ dànù. Wọ́n yí kọ́nà náà ká, wọ́n wọ inú òkúta wẹ́wẹ́ níbi tí àwọn awakọ̀ ti máa ń sinmi, ọkọ̀ mì jìgì lẹ́ẹ̀mejì, ó dúró.

Èéfín ń rú lára táyà iwájú méjèèjì. Ọmọ ń sunkún. Ìyàwó Ẹnjiníà dijú pinpin. Èèyàn á rò pé Màmá á kọ́kọ́ dúpẹ́, àbí? Èyí ni ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu ìyá yẹn:

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n ẹni nìyẹn?"

Jẹ́jẹ́ wò ó. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó sọ̀ kalẹ̀, ó kó òkúta sẹ́nu táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó lọ dúró jìnnà sí wọn, ó kẹ̀yìn sí ọkọ̀. Ká ní ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án lásìkò yẹn, ì bá gbá a lójú, ìyá o, ẹ̀gbọ́n o. Wákàtí kan ni wọ́n fi dúró kí bíréèkì tutù. Ẹnjiníà jókòó sórí òkúta, ó ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé mẹkáníìkì òun ló fa gbogbo rẹ̀, òun máa bá a wí. Jẹ́jẹ́ tẹ bíréèkì wò, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó yọ kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láìtọrọ. "Ẹ bọ́ sẹ́yìn, Bọ̀ọ̀dá," ó ní, Ẹnjiníà sì bọ́ sẹ́yìn. Jíà kékeré ló fi sọ̀ wọ́n kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀ òkè. Ẹ́ńjìnnì ń ké, kò sẹ́ni tó ní kó má ké mọ́.

Wọ́n ti dé títì tó tẹ́jú kí fóònù Màmá tó dún. Etí Màmá ò fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ mọ́, nítorí náà gbangba ló máa ń gbé ohùn fóònù rẹ̀ sí, gbogbo ọkọ̀ ló ń gbọ́ ọ. Obìnrin kan ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílùú Ẹnjiníà, tí wọ́n ti jọ ń jókòó pa pọ̀ nílé ìsìn láti ọdún mẹ́fà.

"Ìyá Ẹnjiníà! Ẹ ti rí òkè náà?"

"A ti rí i, a ti ń bọ̀. Ọlọ́run ló kó wa yọ o! Bíréèkì ló kọṣẹ́ lójú ọ̀nà. Ẹnjiníà ló fi ọgbọ́n dá ọkọ̀ dúró."

Háà! Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ yíjú sí fèrèsé.

"Kì í ṣe Ẹnjiníà, Mà," Jẹ́jẹ́ ní, ó gbé ohùn sókè kí fóònù lè gbọ́ ọ. "Èmi ni."

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ọmọ Màmá ni. Èmi ni mo tẹ̀ lé Ẹnjiníà."

"Ìyá Ẹnjiníà," obìnrin náà ní, "ọmọ wo tún nìyẹn? Ṣebí ẹ ní ọ̀kan ṣoṣo lẹ bí."

"Màá pè yín padà," Màmá ní, ó sì pa á.

Jẹ́jẹ́ tan iná ẹ̀gbẹ́. Ó rọra yà kúrò lójú títì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó fi í sápò.

"Ẹ pè é padà."

"Ta ni?" Màmá ní.

"Ẹ pè é padà, Màmá. Ẹ sọ fún un pé ọmọ méjì lẹ bí. Ẹ sọ iṣẹ́ tí ìkejì ń ṣe fún un. A ò ní kúrò níbí títí ẹ máa fi sọ ọ́."

"Kí ló wá dé?" Ẹnjiníà ní. "Torí ọ̀rọ̀ tí ò tó nǹkan..."

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ dákẹ́."

Láyé rẹ̀, kò sọ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí láìsí ewu lójú ọ̀nà. Ẹnjiníà dákẹ́.

"Ṣé torí èyí náà lo ṣe ń bínú?" Màmá béèrè.

"Torí ẹ̀ ni. Ó ń dùn mí. Láti ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń dùn mí, mo ń sọ pé lọ́jọ́ kan ẹ máa wá, ẹ máa rí mi. Ẹ wá. Ẹ fi aṣọ bojú. Mo yọ yín lọ́wọ́ ikú, Màmá, ẹ gbé e fún ẹlòmíràn lójú mi. Kò tán síbẹ̀, ẹ ti sọ pé ẹ ò bí mi!" Ohùn rẹ̀ fọ́ níbẹ̀, ìyẹn gan-an sì tún bí i nínú sí i. "Ẹ pè é."

Ọkọ̀ ń kọjá lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn fìà, fìà. Màmá wo Ẹnjiníà, Ẹnjiníà ò wò ó. Ó wo fóònù lọ́wọ́ ara rẹ̀ pẹ́. Nígbà tó yá, ó tẹ̀ ẹ́.

"Ìyá Ẹnjiníà, kò burú o?"

"Kò burú. Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín nígbà yẹn, irọ́ ni mo pa. Ọmọ méjì ni mo bí. Ìkejì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Òun náà ló dá ọkọ̀ dúró."

"Áà! Ẹ kú ewu o. Iṣẹ́ wo lòun ń ṣe?"

Màmá gbójú sókè. Ojú rẹ̀ àti ti Jẹ́jẹ́ pàdé nínú dígí.

"Awakọ̀ ni," ó ní.

Ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni ń dárúkọ àìsàn tó wà nínú ẹbí. Jẹ́jẹ́ ti rò pé lọ́jọ́ tí òun bá gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá òun, inú òun máa rọ̀. Ó dúró, ó ń retí i. Kò rọ̀. Ó yọ kọ́kọ́rọ́ lápò, ó tan ọkọ̀, ó sì wà wọ́n lọ sílé.